Kajú Inú Ọ̀rá

Àwọn tí kò ní ilẹ̀ ni ìjọba ṣe ètò náà fún. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ní ká mú wá ni ẹ̀rí pé a ní ilẹ̀.

Mo rò pé etí mi ló dí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ti ń ké láti ìgbà tí a ti wà lórí ìlà, ẹni tí ọmọ bá sì ń ké sí létí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Mo tún un bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì.

"Ọ̀gá, ẹ ní ẹni tí kò nílẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Àwọn obìnrin, àwọn ọ̀dọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀."

"Ẹ wá ní ká mú ilẹ̀ wá."

"Ẹ̀rí ilẹ̀ ni, Mọ́mì. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á wà níbi tó wà."

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe alábòójútó àwa àgbẹ̀ tuntun ní agbègbè wa. Ọ̀gá ágíríkì ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ jọ ojú àbúrò mi. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìjọba ò lè rán katakata lọ túlẹ̀ kí ẹnì kan wá yọ lọ́la kó ní ilẹ̀ òun ni. Kí olórí ẹbí kan sáà fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda ilẹ̀ fún mi. Katakata á wá, ajílẹ̀ á tẹ̀ lé e, àwọn náà á sì máa wá wò mí lóòrèkóòrè.

Mo ní, "Ilẹ̀ tí mi ò ní, kí n lọ tọrọ rẹ̀ wá, kí ẹ lè ràn mí lọ́wọ́ nítorí pé mi ò ní in."

"Ó ti yé yín, Mọ́mì. Àwọn mìíràn máa ń bínú."

Èmi ò bínú. Ẹni tó bá ń ta sóbò lẹ́nu géètì Pólì á ti kọ́ sùúrù. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nílé ìwé, ọjà ń lọ. Bí wọ́n bá lọ sílé, tàbí tí àwọn olùkọ́ wọn bá daṣẹ́ sílẹ̀, èmi àti sóbò la máa ń wo ara wa. Sóbò kì í sì í dúró de ènìyàn. Tílẹ̀ bá mọ́, ó ti kan, àwa tá a wà nílé la ó mu ún. Ọdún tí mo bí ọmọ mi, a mu sóbò débi pé ọkọ mi ní bí òun bá dijú, pupa lòun ń rí.

Ohun tí mo wá ń wá kò pọ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wá, tí n óò máa gbin nǹkan sí, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbogbo géètì ayé pa, ọmọ mi á ṣì jẹun. Mi ò sì fẹ́ ilẹ̀ òjò kan ṣoṣo. Ilẹ̀ tí wọn ò ní gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bá ti bá wọn ṣán igbó rẹ̀ tán ni mo fẹ́.

Ọkọ mi ń jó irin nítòsí ojú irin. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ọ̀gá rẹ̀. Ará Ìwó ni. Wọ́n ní ilẹ̀ ní Ìwó, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ní ẹ̀gbọ́n ní Améríkà. Ó ku ilé bàbá mi.

Bàbá mi ti kú kí n tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni olórí ẹbí wa. Àlàájì ni tọmọdé tàgbà ilé ń pè é. Ẹ̀gbọ́n àwọn méjèèjì lóbìnrin ṣì wà láyé, Àlàájà nìyẹn. Inú agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé. Àlàájì ló ni àṣẹ, Àlàájà ló ni ẹnu.

Mo lọ lẹ́yìn ìrun alásàrí. Àlàájì jókòó lórí àga onírọ́bà níwájú ilé, rédíò wà lórí itan rẹ̀. Àlàájà wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀. Mo kí wọn dé orí ewúrẹ́ ilé.

"Ṣé kò sí nǹkan?" Àlàájì béèrè.

"Kò sí nǹkan, sà. Ilẹ̀ ni mo bá wá."

Ó dín ohùn rédíò kù. Kò pa á. "Ilẹ̀ wo?"

"Èyí tó wà lọ́nà Ìjàgbò, sà. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò dáko sí."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹnikẹ́ni ò dáko síbẹ̀?"

"Mo débẹ̀, sà. Màlúù ni mo bá níbẹ̀."

Àlàájà ò gbójú sókè nínú ẹ̀wà rẹ̀. "Màlúù tí a ò mọ bàbá tó bí i ń jẹun níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹnì kankan ò bi í léèrè. Ọmọ àbúrò rẹ wá dé, ìwọ ń bi í pé ilẹ̀ wo."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gbọ́rọ̀ lẹ́nu ọmọ."

"Gbọ́ ọ. Ṣé mo di ẹ́ létí ni?"

Àlàájì yíjú sí mi. "Ilé ọkọ lobìnrin ń lọ. Ilẹ̀ tí a bá fún ẹ, ọkọ rẹ la fún. Lọ́jọ́ iwájú, àwọn ará Ìwó á wá bá wa ní Ọ̀fà, wọ́n á ní ilẹ̀ ìyá àwọn dà."

"Ọkọ mi ò roko rí, sà. Bó bá rí aláǹgbá, ó ń sá."

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà sórí ẹní. Ọkọ mi ò mọ̀ pé òun ni mo fi gba ilẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà nínú Àlàájì kí ẹ má baà rò pé ahun ni. Ní ayé bàbá tó bí wọn, ẹbí wa yá àlejò kan ní ilẹ̀ kó fi gbin iṣu. Ó gbin iṣu. Ó wá gbin igi ọsàn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí òun lè máa ríbi jókòó nínú oòrùn. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lọ jókòó sábẹ́ ọsàn náà, wọ́n ní ilẹ̀ bàbá àwọn nìyí, ṣé ẹ ò rí igi rẹ̀ ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ ní kóòtù débi pé adájọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ẹbí wa pàdánù apá ibẹ̀. Àwọn tó tọ́ ọsàn náà wò sọ pé kíkan ló tilẹ̀ kan.

Nítorí náà, lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ lè gbin ohun tó bá wù ú, àfi igi. Ìgbà tí èèyàn bá gbin àgbàdo, oúnjẹ ló gbìn. Ìgbà tó bá gbin igi, ó ti sọ pé òun ò lọ mọ́.

"Ohun tó bá òjò wá, tó bá òjò lọ," ni Àlàájì wí. "Ànàmọ́. Àgbàdo. Ẹ̀pà. Ìwọ ni wàá máa ro ó níwọ̀n ìgbà tí a ò bá tíì fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe nǹkan. Mi ò gbọdọ̀ rí igi níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí igi níbẹ̀, ọjọ́ náà lo kúrò lórí ilẹ̀ mi."

"Ilẹ̀ wa," ni Àlàájà wí.

"Ilẹ̀ wa," ni Àlàájì wí. Ó sì fọwọ́ sí i.

Katakata dé lọ́sẹ̀ tí òjò kejì rọ̀. Ẹ̀gún àti ìràwé tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré mi ni ó yí dànù kí ọmọ mi tó sun oorun kan jí. Ó ku igi igbá kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, tó dúró létí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó bí Àlàájà. Abẹ́ rẹ̀ ni mo sọ di ilé ọmọ mi. Mo tẹ́ aṣọ síbẹ̀, mo gbé e lé e, ó sì kúrò lórí aṣọ lọ sórí iyẹ̀pẹ̀ kí n tó nà tán. Ó jẹ iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ náà ṣáájú kí èmi tó jẹ ohun kankan nínú rẹ̀.

Mo kọ ebè, mo gbin ànàmọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ilẹ̀ Ọ̀fà gba ànàmọ́. Ìtàkùn la máa ń gbìn, mo lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn bá tèmi pààlà, wọ́n sì fún mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bí ará géètì Pólì á ṣe pẹ́ tó. Bí ọyàn mi bá kún, màá sọ ọkọ́ sílẹ̀, màá lọ fún ọmọ lọ́yàn lábẹ́ igi pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún amọ̀, ọmọ á sì máa fi ọwọ́ tirẹ̀ tó kún fún amọ̀ gbá mi láyà. Mi ò rántí pé inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí ju inú lọ, ṣùgbọ́n inú náà dùn.

Ìtàkùn ti ń gba orí ebè nígbà tí ọkọ̀ ìjọba dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rá dúdú dúdú sílẹ̀ létí oko mi. Ilẹ̀ wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ewéko kékeré yọrí nínú rẹ̀. Wọ́n ti lu ihò sí ìdí ọ̀rá kí omi máa gbabẹ̀ jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì," ni ọ̀gá ágíríkì wí. "Kajú nìyí."

"Kajú ti ta?"

"Tiyín. Ó wà nínú ètò. Ìjọba fẹ́ kí àgbẹ̀ tuntun ní ohun tí yóò wà fún ọjọ́ pípẹ́."

Mo wo kajú. Mo wo ojú ọ̀nà, bóyá Àlàájì ń bọ̀.

"Ọ̀gá, ẹni tó yá mi nílẹ̀ ní òun ò fẹ́ rí igi."

"Mọ́mì, ọ̀gá tèmi náà ní òun fẹ́ rí igi. Wọ́n á wá ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá bá kajú lóko rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ètò. Ajílẹ̀ ò ní dé, katakata ò ní wá fún un mọ́. Wọ́n á gbé ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn náà á wá gbin kajú sórí ilẹ̀ ta?"

Ó ronú sí i. "Ìbéèrè yẹn dáa, Mọ́mì," ó wí, ó sì wọ inú ọkọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá gbìn ín, Àlàájì á lé mi. Bí mi ò bá gbìn ín, ìjọba á yọ mí, ilẹ̀ tí mo fi ọkọ́ nìkan kọjú sí yóò sì padà di ti màlúù kí ọmọ mi tó mọ̀ ọ́n rìn. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó yọ awò ojú tó fi ń jó irin, ó ronú dáadáa, ó ní kí a kó kajú náà lọ gbìn ní Ìwó.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń kó àwọn ọ̀rá náà kúrò lójú ọ̀nà kí ewúrẹ́ má baà jẹ wọ́n. Mo ń gbé wọn sílẹ̀ láàárín ebè, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, nítorí pé ọmọ wà lẹ́yìn mi, mi ò sì lè tò wọ́n jọ síbì kan náà láìtẹ ìtàkùn mọ́lẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó ń ti Ìjàgbò bọ̀ dẹwọ́ eré.

"Mọ́mì, kajú yín mà dáa o! Ẹ ti ń di alágbára!"

Mo dúró. Mo lọ sójú ọ̀nà níbi tí ọlọ́kadà náà ti wò mí, mo wo oko mi láti ibẹ̀. Ọ̀rá kankan ò hàn. Kajú tí wọ́n gbìn dáadáa ni mo rí.

Mo tò wọ́n tán lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo ṣe àyè àárín wọn bí ẹni tó gbìn wọ́n lóòótọ́. Mi ò gbẹ́ ilẹ̀ kankan. Ọ̀rá jókòó sórí ilẹ̀, kajú jókòó sínú ọ̀rá. Mo tún ọmọ pọ̀n, mo sì lọ sọ fún Àlàájì fúnra mi, nítorí ní Ọ̀fà, bí o ò bá tètè sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ, ẹlòmíràn á bá ọ sọ ọ́.

"Igi dé oko mi, sà. Ìjọba ló kó wọn wá. Mi ò gbìn wọ́n. Wọ́n wà nínú ọ̀rá, wọ́n kàn dúró ni."

"Dúró kí ni?"

"Fọ́tò, sà."

Mo fi fọ́tò tí mo ti yà sórí fóònù hàn án. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. "Inú ọ̀rá?"

"Inú ọ̀rá, sà."

"Bí mo bá ní kí o kó wọn kúrò lónìí, wàá kó wọn kúrò?"

"Màá kó wọn, sà."

"Ó dáa. Má ṣe yọ wọ́n nínú ọ̀rá." Ó dá fóònù padà. "Igi tó dúró de fọ́tò," ó wí fún rédíò rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá ágíríkì wá fún àyẹ̀wò, ìtàkùn ànàmọ́ ti ra ká, ó ti bo ọ̀rá mọ́lẹ̀. Ó ń rìn láàárín ebè, bàtà funfun rẹ̀ sì kan ọ̀kan. Ọ̀rá dún. Ó dúró. Ó wò mí. Èmi ń wo ọmọ mi.

"Mọ́mì, wọ́n dúró dáadáa?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò wọ́n, ọ̀gá."

"Wọ́n dúró," ó wí. Ó dúró sórí ebè kan, ó gbé fóònù sókè gan-an, ó ya fọ́tò náà láti òkè. "Ohun tí wọ́n ní kí n wò ni bóyá wọ́n wà láàyè, bóyá wọ́n sì dúró. Wọn ò ní kí n wo ìdí wọn."

Ajílẹ̀ dé. Inú Àlàájì dùn pé kò sí igi lórí ilẹ̀ òun, inú ìjọba dùn pé igi wà níbẹ̀, ànàmọ́ sì ń fẹ̀ nínú ilẹ̀. Bí òjò bá dá, mò ń bomi rin kajú. Ohun tó bá wà lọ́dọ̀ èèyàn, kò yẹ kí òǹgbẹ pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì yanjú.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wa ànàmọ́, mo ránṣẹ́ sí Àlàájì kó wá rí i, nítorí pé àkọ́kórè ilẹ̀, onílẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Òun àti Àlàájà wọ kẹ̀kẹ́ wá. Àlàájì wọ jalabíà funfun bí ẹni ń lọ sí yídì. Mo wa ebè àkọ́kọ́ níwájú wọn. Ànàmọ́ tó jáde níbẹ̀ tóbi ju orí ọmọ mi lọ. Àlàájà gbé e dání, ó sì gbé ọmọ náà dání, ó ń wo èwo ló wúwo.

Inú Àlàájì dùn. Ó fẹ́ fi ọgbọ́n wa han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ wò ó, igi fọ́tò tí mo sọ fún yín nìyí. Inú ọ̀rá ló wà." Ó ká ìtàkùn kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí ọ̀rá mú, ó fẹ́ gbé e.

Kò ṣeé gbé.

"Ó wúwo," ó wí. Ó fi ọwọ́ kejì kún un. Ó fà á. Ọ̀rá ya láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀rá wà lọ́wọ́ Àlàájì, igi wà nílẹ̀.

Àlàájì lọ sídìí òmíràn. Ó gba igi náà ní ìdí, ó fà á bí ẹni ń bá a jìjàkadì. Ohun kan já nísàlẹ̀, igi náà tẹ̀ lé e, gbòǹgbò tó já sì yọ jáde nínú ihò ìdí ọ̀rá, ó funfun, ó gùn. Ihò tí wọ́n lu kí omi lè máa jáde, gbòǹgbò ti gbabẹ̀ wọlẹ̀. Mo lọ mi èyí tó sún mọ́ mi wò. Kò mì. Mo mi òmíràn. Àfi ọ̀kan tó jókòó sórí òkúta ló ṣì wà bí mo ṣe gbé e sílẹ̀.

"Ta ló gbin èyí?" Àlàájì béèrè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìgbà tó bá pariwo, kò sí nǹkan. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ni kí ẹ sá.

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín, sà."

"Igi kì í gbin ara rẹ̀."

Mò ń wo ebè tí mi ò tíì wà. Mò ń rò ó bóyá yóò jẹ́ kí n wà wọ́n tán kí n tó lọ. Ọmọ mi ti wá di ìdí ìró mi mú, ó ń gbìyànjú láti dìde dúró, ó ń ṣubú, ó tún ń dìde. Mo mú àdá.

"Màá gé wọn, sà. Gbogbo wọn. Nísinsìnyí."

Kì í ṣe pé mò ń fi ọ̀rọ̀ dán an wò. Mo ti tẹ̀ sídìí èyí tí ọ̀rá rẹ̀ ya, mo ti gbé àdá sókè.

"Dúró ńbẹ̀," ni Àlàájà wí.

Ó gbé ọmọ mi kọ́ apá, ó rìn wá sáàárín wa. "Ìwọ," ó wí fún àbúrò rẹ̀, "igi igbá tó wà lókè yẹn, ta ló gbìn ín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kajú là ń sọ."

"Mò ń bi ẹ́. Ta ló gbìn ín?"

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín. A bá a níbẹ̀ ni."

"Ta wá ló ni ín?"

"Ẹbí ló ni ín. Ohun tó bá hù fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín. Ta ni ò mọ ìyẹn?"

"Ọmọ yìí gbin kajú yìí?"

Àlàájì wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni pé orúkọ ẹni tó gbin igi náà á wà lára rẹ̀.

"Kò gbìn ín," ó wí níkẹyìn.

"Ṣé ìjọba gbìn ín?"

"Ìjọba ò gbìn ín. Fọ́tò ni wọ́n yà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ ló kù kí o sọ ẹni tó ni ín." Ó gbé ọmọ mi lọ sábẹ́ igi igbá, ó lọ jókòó.

Nígbà tí Àlàájì máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti padà sókè, ara mi sì balẹ̀.

"Igi ẹbí ni," ó kéde fún gbogbo ebè. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ lọ́la pé ọwọ́ òun ló gbìn ín. Gbé àdá yẹn sílẹ̀. Ta ló ní kí o gé igi ẹbí?"

Mo gbé e sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

"Igi ẹbí kò sì lè máa dá wà nínú igbó. Àwọn ọmọ tèmi wà l'Ékòó, wọn ò mọ ọ̀nà ibí mọ́. Ìwọ ni wàá máa tọ́jú rẹ̀. Wàá máa ro ìdí rẹ̀, wàá máa gbin ohun tó bá òjò wá sáàárín rẹ̀, bí o ti ń ṣe."

"Títí di ìgbà wo, sà?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Títí igi á fi kú."

"Kajú kì í tètè kú o," Àlàájà ké láti abẹ́ igi.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Bí mo ṣe ya aláìtijú, mo tún ní ìbéèrè kan. "Èso rẹ̀ ńkọ́, sà?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ọ̀rá, ó nu ọ̀rá sára ewé. "Èyí tó bá wà lórí igi, ti ẹbí ni. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá jábọ́ sílẹ̀, ìwọ máa ṣà á, fún wàhálà rẹ."

Mo dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú poro. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo rántí pé a kì í ká kajú. Ẹni tó bá fẹ́ kóró rẹ̀ máa ń dúró títí á fi jábọ́ fúnra rẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo gbójú sókè láti wò ó bóyá Àlàájì mọ ohun tó sọ. Àárín kajú ni wọ́n bí Àlàájì sí. Ó ti yíjú, ó ń pe oníkẹ̀kẹ́ pé kó wá bá òun gbé ànàmọ́.

Igi tó fà tu, ó gbé e lọ sílé, ó gbìn ín sínú ike ọ̀dà níwájú ilé. Ó gbẹ. Ó ní igi tí ìjọba kó wá ò dáa.

Ọmọ mi ti ń rìn báyìí. Àwọn kajú tó kù ti ga dé àyà rẹ̀, ó sì máa ń dúró tì wọ́n kó lè fi orí ara rẹ̀ wé orí wọn. Bí wọ́n bá dàgbà tán, ibòji wọn ò ní jẹ́ kí ànàmọ́ ṣe dáadáa mọ́, mo mọ̀, ọ̀gá ágíríkì náà sì ti sọ ọ́. Nígbà tó tún wá ya fọ́tò, Àlàájì ló dúró sáàárín wọn pẹ̀lú fìlà, ó ní kó ya òun àti igi ẹbí òun pọ̀. Ọ̀gá ágíríkì bi mí wẹ́rẹ́ pé ṣé wọ́n ti kúrò nínú ọ̀rá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ò bi mí ní nǹkan kan.

Wọn ò tíì so. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tí mo bá lọ kí Àlàájì, ó máa ń dín ohùn rédíò kù, ó máa ń bi mí bóyá nǹkan kan ti jábọ́. Mo máa ń ní kò tíì sí, sà. Ó máa ń ní kí n máa wo ilẹ̀ dáadáa.